Ẹ Yé Ní Kí Sójà Kọ́kọ́ Buwọ́ Lù Ú: Ìwé sí Àwọn Akọ̀wé Ológun Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ akọ̀wé sójà, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní S-1, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé àwọn sójà, àti ní ibùdó ìtúsílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, inú ń bí mi. 

Gbólóhùn kan wà tí ẹnu wa ti mọ́ jù: "Buwọ́ lù ú ná, a ó tún un ṣe tó bá yá." Ohun tí akọ̀wé kan sọ fún àbúrò mi kan nìyẹn lọ́jọ́ tó ń fi iṣẹ́ sójà sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. A kò bá ara wa tan tẹ́lẹ̀; ìlú òkèèrè ló sọ wá di ẹbí. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà ní Iraq. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì sẹ́bàá títì bú lábẹ́ ọkọ̀ tó wà níwájú tirẹ̀, irin ta wá, ó sì ya èjìká rẹ̀. Orí ibùsùn ọsibítù ni ọ̀gá ńlá kan ti wá fi Purple Heart, àmì ẹ̀yẹ ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun, kọ́ ọ láyà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ ìtúsílẹ̀ pé, ó wo àpótí 13, ibi tí a ń kọ àmì ẹ̀yẹ sí lórí 214, ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀, kò rí Purple Heart níbẹ̀. Ó sọ ọ́. Akọ̀wé náà kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà kó tó fún un lésì. Ìyàwó àti ọmọ ti jókòó nínú mọ́tò, ẹrù ti kún bùùtù, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó kúrò nínú ilé ìjọba lọ́jọ́ náà. Ó buwọ́ lù ú.

"Tó bá yá" yẹn kò yá mọ́. Ó wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, níbi tí Purple Heart ti ń fún ẹni tó ní in ní máàkì mẹ́wàá lórí èyí tó bá gbà. Wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá. Ó mú 214 wá, kò sí níbẹ̀. Ó mú fọ́tò wá, wọ́n ní fọ́tò kì í ṣe ìwé àṣẹ. Ó kọ̀wé síbi tó yẹ, èsì dé pé ìwé àṣẹ kankan kò sí nínú fáìlì rẹ̀. Wọ́n wá fi ìlà kan tì í nísàlẹ̀, ìlà tí n kò lè gbàgbé: pé òun fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lu ìwé náà pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tọ̀nà.

Ẹ tún un kà. Akọ̀wé wa ló ní kó buwọ́ lù ú ná. Ọ́fíìsì wa mìíràn ló wá gbé ìbuwọ́lù kan náà dìde láti fi bá a ṣẹjọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé n kò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Ohun tó lé ní ogún ọdún ni mo fi jókòó nídìí rẹ̀, ní Kòríà, ní Jámánì àti ní Kuwait. Mo ti tẹ 638, fọ́ọ̀mù tí a fi ń dámọ̀ràn àmì ẹ̀yẹ, lórí kọ̀ǹpútà tí iyanrìn kún inú rẹ̀. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti ń kọ́ ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé ìwé àṣẹ àmì ẹ̀yẹ kì í dédé sọnù. Ọ̀gá buwọ́ lù ú lọ́jọ́ Ẹtì, akọ̀wé gbé e sórí tábìlì, sójà gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí ibùdó mìíràn, ẹgbẹ́ ogun náà padà sílé, akọ̀wé náà gba ipò tuntun, wọ́n da gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì sínú páálí. Kò sẹ́ni tó fi sínú iPERMS, àpamọ́ fáìlì sójà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Sójà ló sì máa ń kó o.

Bí mo bá sọ báyìí, àwọn kan á ní iná St. Louis ló fà á. Mo mọ̀ nípa iná náà. Ní ọjọ́ 12, oṣù Keje, ọdún 1973, iná sọ ní ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ológun, fáìlì bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 sì bá a lọ. Nínú fáìlì àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ láàárín 1912 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀dà kankan níbòmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.5 fáìlì tí iná rà lára tàbí tí omi panápaná bà jẹ́, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n tọ́jú rẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ń fi ìwé owó ìkẹyìn, àkọsílẹ̀ òròòwúrọ̀ ẹgbẹ́ ogun àti àkọsílẹ̀ ọsibítù tún ìtàn àwọn bàbá wọ̀nyẹn tò. Mo júbà wọn. Ṣùgbọ́n àbúrò mi kò tíì dé ilé ayé nígbà tí ilé yẹn jó. Mo ti fetí ara mi gbọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ń fi iná 1973 dá ẹni tó lọ sí Iraq lóhùn. Ṣé iná náà ń bọ̀ wá jó ìwé tí a kò tíì kọ ni?

Àdánù ti ìgbà tiwa kò níná nínú. Ní 2012, àwọn oníròyìn ProPublica àti Seattle Times tú u síta pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ogun tó jà ní Iraq àti Afghanistan kò ní àkọsílẹ̀ ojú ogun mọ́. Àwọn kan kò tọ́jú rẹ̀ rárá, àwọn kan sì nù ún kúrò nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó padà sílé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni John McHugh, tó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka wá èyí tó bá kù. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbà pé ìwé sọnù lọ́wọ́ òun. Kí ló dé tí sójà fi ń jìyà rẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù rèé. Òfin tí ìgbìmọ̀ àtúnṣe àkọsílẹ̀, níbi tí sójà ń gbé irú ẹjọ́ yìí lọ, ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbà pé ohun tí ọ́fíìsì ṣe tọ̀nà. Ẹni tó ń ráhùn ni yóò mú ẹ̀rí tó wúwo jù wá. Ìgbìmọ̀ náà kì í sì í ṣe ìwádìí. Ohun tí wọ́n bá gbé ka iwájú rẹ̀ ló ń wò. Lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, n kò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀sùn náà gan-an ti jẹ́ pé ọ́fíìsì sọ ìwé nù, báwo ni ẹ ó ṣe kọ́kọ́ gbà pé ọ́fíìsì ṣe é dáadáa? Ìwé tí ẹ ń bèèrè lọ́wọ́ sójà ni ìwé tí ẹ sọ nù. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ní kí ìgbìmọ̀ parí mẹ́sàn-án nínú ẹjọ́ mẹ́wàá láàárín oṣù mẹ́wàá, kí ẹjọ́ kankan má sì kọjá oṣù méjìdínlógún. Oṣù méjìdínlógún! Iṣẹ́ wo ló ń dúró de ènìyàn tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan ń pe àmì ẹ̀yẹ ní ohun ẹ̀ṣọ́ àyà, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Kí wọ́n bi àwọn sójà àtijọ́ tó ń lọ sí yunifásítì. Láti oṣù Kẹjọ 2018, ẹni tó gba Purple Heart láti 11 oṣù Kẹsàn-án 2001 síwájú, tó sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú iyì, ń gba ẹ̀kún owó ilé-ìwé GI Bill, bó ti wù kí ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ kúrú tó. Àmì kan náà ń gbé e sókè lórí ìlà ìtọ́jú ní VA, ọsibítù àwọn sójà àtijọ́, ó sì ń fún un lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ ìsìnkú ní Arlington. Gbogbo rẹ̀ dá lórí àpótí kan ṣoṣo tí akọ̀wé kan ń kánjú tẹ̀ kí ó tó lọ jẹun ọ̀sán.

Ẹ̀yin tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tèmi, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí máa bí yín nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Henry Johnson, ọmọ ẹgbẹ́ ogun 369 tí wọ́n ń pè ní Harlem Hellfighters, bá àwọn Jámánì jà lóru ọjọ́ kan ní oṣù Karùn-ún 1918 ní ilẹ̀ Faransé, ó gba ọgbẹ́ lọ́pọ̀ ibi lára. Faransé fún un ní Croix de Guerre. Ìwé ìtúsílẹ̀ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà kò mẹ́nu ba ọgbẹ́ kankan. Ó kú ní 1929. Purple Heart dé ní 1996, Medal of Honor dé ní 2015. Akọ̀wé tó kọ ìwé ìtúsílẹ̀ yẹn náà lè ti máa rò pé ẹnìkan á tún un ṣe tó bá yá.

Ó di dandan kí n fún yín ní ẹ̀tọ́ yín, bí kò tilẹ̀ wù mí púpọ̀. Àwọn òpùrọ́ wà. Àwọn tí kò dé ojú ogun rí ń ra àmì ẹ̀yẹ lọ́jà, wọ́n ń ṣe ayédèrú 214, wọ́n sì ń fi jẹun. Ìdí nìyẹn tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi ṣe òfin ní 2013 tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi irọ́ àmì ẹ̀yẹ gba owó tàbí àǹfààní. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ bèèrè ẹ̀rí. Mo tún mọ̀ pé iṣẹ́ yín pọ̀, pé nígbà tí ẹgbẹ́ ogun bá padà sílé, ìlà àwọn tí wọ́n ń tú sílẹ̀ á gùn dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti wà nídìí ìlà bẹ́ẹ̀. Ìlà gígùn kọ́ ló sọ pé kí ẹ má wo ojú ẹni tó wà níwájú yín.

Kí ni kí a ṣe? Ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ sùn lórí tábìlì. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ti buwọ́ lù ú ni kó wọ fáìlì. Ẹ jẹ́ kí sójà jókòó ka àpótí 13 láìsí ìkánjú, bó bá sì ní nǹkan tó kù, ẹ dá ìwé náà dúró kí ẹ wá a. Ní ti ìgbìmọ̀, ó yẹ kí wọ́n rí ọ̀nà kan tí ẹrù ẹ̀rí yóò fi padà sórí ẹni tó sọ ìwé nù. Àwọn amòfin mọ bí wọn yóò ṣe kọ èyí ju èmi lọ. 215, ìwé tí wọ́n fi ń tún àṣìṣe orí 214 ṣe, náà ńkọ́? Bébà tí ó dá dúró lọ́tọ̀ ni, àwọn agbanisíṣẹ́ kì í sì í bèèrè rẹ̀. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i.

Ní ti àbúrò mi, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ló rí ẹ̀dà ìwé àṣẹ náà nínú páálí kan ní gáréèjì rẹ̀. Ká ní ọkùnrin yẹn jẹ́ ẹni tó máa ń da bébà nù ni, ọ̀rọ̀ ti parí. 215 dé lẹ́yìn tí wọ́n ti fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Akọ̀wé tó ní kó buwọ́ lù ú ná kò mọ̀ títí di ìsinsìnyí pé òun ṣe nǹkan kan.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣì wà nínú kakí, ẹ má dúró dè wá. Ẹ ṣí iPERMS yín lóṣù yìí, ẹ ka gbogbo ìwé àṣẹ tó wà níbẹ̀, ẹ fi èyí tó kù síbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá tó buwọ́ lù ú ṣì wà nítòsí. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan jáde, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá yín nílé. Bí àpótí 13 bá sì kù díẹ̀ káàtó lọ́jọ́ ìtúsílẹ̀, ẹ má buwọ́ lù ú.