Káàdì Alẹ́ Ọjọ́ Owó Oṣù

Lẹ́tà ẹ̀gbọ́n kan ló wà níwájú mi yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọ̀nà Ìdírókò l'Ọ́tà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ ní pókà. Ó ní bó bá ti kù díẹ̀ kó kan ẹni tó pín káàdì, kó máa gbówó sókè, káàdì yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n tó ṣí mẹ́ta àkọ́kọ́ sórí tábìlì. Ìdajì owó oṣù ti bá a lọ. Ó ní, níbo lòun ti ṣì í?

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ààbọ̀ òótọ́ ló sọ.

Ká ní èèyàn mẹ́sàn-án ló jókòó. Àwọn méjì tó wà lápá òsì ẹni tó pín káàdì ti fowó sílẹ̀ kí wọ́n tó wo ọwọ́ wọn, ọ̀kan ₦50, èkejì ₦100. Ẹni mẹ́rin tó ṣáájú yín ti ju káàdì wọn nù. Ó wá ku mẹ́rin péré lẹ́yìn yín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ẹ̀yin ti gbọ́ tẹni mẹ́rin kẹ́ ẹ tó dá tiyín. Bẹ́ ẹ bá gbé e sí ₦250, tí àwọn tó kù sá, ₦150 ti dọwọ́ yín láìjà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Nínú ìgbà 8, wọ́n gbọ́dọ̀ sá nígbà 5, ìyẹn ₦750. Bẹ́ ẹ bá pàdánù nígbà 3 tó kù, ₦750 náà ni. Ọwọ́ òfo nìyẹn!

Àbí, ta lẹ rí tó ń sá lálẹ́ ọjọ́ owó oṣù? Èmi náà ti jókòó nírú ibẹ̀ rí, lẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́ kan. Mo fi 7 àti 2 gbówó sókè. Ẹni mẹ́ta ló san án, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti abẹ́ bíríìjì Sángò dé inú ìlú Ọ̀tà lálẹ́ ọjọ́ náà.

Níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sá, ìjókòó ò lè gba káàdì burúkú là. Káàdì gidi nìkan ni kẹ́ ẹ fi gbówó sókè níbẹ̀: éèsì méjì, kíńgì méjì, tàbí éèsì pẹ̀lú kíńgì. Éèsì méjì kì í sì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 221, ẹ ní sùúrù.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ yọ owó ilé àti owó iléèwé ọmọ. Ẹni tó ń fowó ọbẹ̀ ta káàdì, ẹ̀rù á máa bà á, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì rí i lójú rẹ̀. Bí ohun tó kù ò bá tó nǹkan, ẹ̀gbọ́n, ilé ni kẹ́ ẹ gbà lọ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ máa kọ̀wé sí wa o.