Orúkọ Tó Bọ́ Sẹ́yìn Ìwé

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù wa. Nígbà tí ìwé ńlá tí a ń kọ orúkọ sí gbó, mo fi PostgreSQL dá àkójọ kan sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní database. N kò yan locale fún un, ìyẹn èdè tí yóò fi mọ lẹ́tà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Mo tẹ àṣẹ tán, mo lọ jẹun.

Ló bá mú èyí tó bá nílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C. C kò gbọ́ èdè kankan. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló fi ń tò wọ́n. Lọ́dọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn Z ni À, Ẹ, Ọ àti Ṣ wà.

Lọ́jọ́ tí a ń pín èrè ọdún, akápò ń pe orúkọ. Ó dé orí Yétúndé, ó pa ìwé dé. Ta ni yóò tún wà lẹ́yìn Y? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Àdùkẹ́ àti Ọláyínká wa ń bẹ lójú ewé tó kù. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ dìde, ó ní: "Tíṣà, ṣé ẹ ti yọ mí lẹ́gbẹ́ ni? Oṣooṣù ni mo ń dá owó mi!" Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyá, èmi ni mo jẹ̀bi."

Mo rò pé ìṣẹ́jú kan ni n óò fi tún un ṣe. Rárá o. Locale tí a fi dá irú database bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀ lórí ìdúró, nítorí orí ètò yẹn ni wọ́n kọ́ atọ́ka tó fi ń tètè wá orúkọ lé. Àfi kí n fi pg_dump kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí n dá òmíràn, kí n sì dà á padà. Odidi òru kan! Àṣẹ tí mo tẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí nìyí:

CREATE DATABASE ajeseku TEMPLATE template0 ENCODING 'UTF8' LOCALE_PROVIDER icu ICU_LOCALE 'yo';

Láti PostgreSQL 15 ti ọdún 2022 ni èyí ti ṣeé ṣe. Ẹ má fi template0 sílẹ̀, nítorí template1 kì í gbà kí locale yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹ wá tẹ̀lé E, Gb tẹ̀lé G, bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ.

Bí PostgreSQL bá sì kìlọ̀ lọ́jọ́ kan pé ẹ̀dà ètò títò ti yí padà, ẹ fi REINDEX tún atọ́ka kọ́ kí ẹ tó kọ owó ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tí glibc 2.28 ti Linux yí ètò rẹ̀ padà ní 2018, ọ̀pọ̀ atọ́ka ló dàrú.

Ìyá alàdìrẹ ti gba èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ ìpàdé, kó tó jókòó, yóò kọ́kọ́ ní kí n fi orúkọ òun han òun.