Kòtò Olóró Kì í Ṣe Iṣẹ́ Ẹnì Kan

Lẹ́tà kan ló wà lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí. Ìlọrà ló ti wá, ẹni tó kọ ọ́ sì bẹ̀ wá pé ká má dárúkọ òun. Bátìrì ọkọ̀ ló ń ṣe. Ó ní ó ti tó ogún ọdún tí òun ti ń da omi bátìrì àti ìdọ̀tí òjé sí kòtò kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mẹkáníìkì tó wà nítòsí ń da ọ́ìlì tí wọ́n ti lò síbẹ̀, àwọn tó ń kun ọkọ̀ náà ń da ọ̀dà àti tíńà sí i. Kànga kan kò jìnnà sí kòtò yìí, òun sì lọmọ rẹ̀ ń mu. Ó wá béèrè pé: "Ta ni mo lè pè kó wá tún kòtò yìí ṣe, tí wọn ò ní tìtorí ẹ̀ gbé mi?"

Ọ̀gá mi, ẹ ṣeun tí ẹ sọ̀rọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè ṣe é. Ká ní omi bátìrì nìkan ni, nǹkan wà tí wọ́n ń bù sí i tí ásíìdì á fi rọlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjé inú ẹ̀ kò ní lọ, torí òjé kì í jẹrà. Ká ní ọ́ìlì nìkan ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ ti pa gbogbo ẹ̀ pọ̀ bí ọbẹ̀! Ohun tó wo ọ̀kan sàn ló máa ba èkejì jẹ́. Bí ẹ bá dáná sun ún nítorí ọ́ìlì, òjé á bá èéfín jáde, àwọn ọmọ àdúgbò á sì fà á símú. Bí ẹ bá pa ásíìdì, ọ́ìlì àti tíńà ò gbọ́ tiyín. Bí ẹ bá kó yẹ̀pẹ̀ bò ó, òjò ṣì ń rọ̀, omi ṣì ń wọ ilẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù. Àwọn àgbà á rántí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Láàárín 1987 sí 1988 ni wọ́n kó pàǹtí olóró tó tó nǹkan bí 4,000 tọ́ọ̀nù wá síbẹ̀ láti Ítálì. Nígbà tí àṣírí tú ní June 1988, wọ́n ní kí wọ́n kó o padà. Karin B, ọ̀kan nínú ọkọ̀ òkun tó kó o, di ẹni tí kò níbùsọ̀: Spéènì lé e, Bírítéènì lé e, kó tó padà dé Ítálì. Òfin 42 ti ọdún 1988 wá sọ pé ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá da irú ẹ̀. Òfin náà ṣì wà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ bí ọlọ́pàá bá ṣáájú onímọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù kékeré, ṣé ẹnikẹ́ni á tún fi kòtò hàn?

Ẹ wo Zamfara lọ́dún 2010. Àwọn èèyàn ń lọ òkúta góòlù nínú ilé, òjé inú ẹ̀ sì pa ọmọ tó lé ní 400. Àwọn dókítà MSF wá láti òkè òkun. Ṣùgbọ́n ní Bagega, wọn ò lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn ọmọ títí tí wọ́n fi kó ilẹ̀ olóró kúrò lọ́dún 2013, torí ọmọ tí wọ́n bá wò sàn, inú òjé náà ló máa padà sí. Dókítà, onímọ̀ ilẹ̀, ìjọba àti àwọn ará abúlé tó gbé ṣọ́bìrì ló jọ ṣe é.

Àwa náà ò jìnnà sí ìmọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ni ibùdó tó ń rí sí àdéhùn Basel lórí pàǹtí olóró fún Áfíríkà wà. Lọ́dún 2009, Adie àti Osibanjo níbẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ilẹ̀ tí ìdọ̀tí iléeṣẹ́ bátìrì bà jẹ́. LAUTECH wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nítorí náà, mo ń ké sí yín. Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ wá sí Ìlọrà àti Fìdítì. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ rí ààbò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ní kẹ́ẹ̀gì oògùn kòkòrò nílé, ẹ jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ ìwé lóòótọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wọ kòtò. Láìjẹ́ pé ẹ sọ ọ́, yóò kàn máa méfò ni.

Ọ̀gá mi, kí wọ́n tó dé: ẹ má da nǹkan kan síbẹ̀ mọ́. Omi bátìrì lọ́tọ̀, ọ́ìlì lọ́tọ̀, tíńà lọ́tọ̀, kí ẹ kọ orúkọ sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sun ún. Ẹ wá omi mìíràn fún ọmọ yín, torí omi òjé kò ṣeé sè kó mọ́. Ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí ẹ tó gbé e. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé òjé lẹ ń bá ṣiṣẹ́, kó lè mọ ohun tó máa wò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Àwa da òjé. Ọwọ́ kan ò lè kó o, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú kòtò yìí lẹ́yìn ilé, ẹ kọ̀wé sí wa. A ò ní dárúkọ yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.