Iná Olówó Ńlá Kọ́ Ló Ń Mú Fótò Dára

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ onífótò Òṣogbo àti Iléṣà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ fótò tán, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń rò ni bí yóò ṣe rí owó ra iná sítúdíò. Ẹlòmíì á yáwó, ẹlòmíì á rà á láwìn. Ṣé ọmọ Ìjẹ̀ṣà wá nílò kí wọ́n ṣàlàyé àwìn fún un? Àwọn bàbá wa Òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn, ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni wọ́n ń lóṣòó sí títí wọn ó fi gbowó. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín nítorí iná fótò. Iná tó máa mú ojú èèyàn dùn ún wò, ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká wo òòrùn ná. Òòrùn fẹ̀ tó nǹkan bíi 1,400,000 kìlómítà, àmọ́ ó jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 150,000,000 kìlómítà. Nítorí ìjìnnà yìí, kò fẹ̀ ju òṣùpá lọ lójú wa, bẹ́ẹ̀ ìka ọmọńdinrín tó láti bo òṣùpá tí ẹ bá na ọwọ́ síwájú. Ìdí nìyẹn tí òjìji ọ̀sán gangan fi ń mú bí abẹ, tí ihò ojú á ṣókùnkùn, tí òjìji imú á bọ́ sórí ètè. Ṣùgbọ́n tí ìkúùkùu bá bo ojú ọ̀run, gbogbo sánmà á di iná kan ṣoṣo, òjìji á sì rọ̀. Ẹ ò rí i? Bí iná ṣe fẹ̀ tó lójú ẹni tí à ń yà ló ń mú kó rọ̀. Agbára iná kọ́, orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára sì kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an fún àwa aláwọ̀ dúdú. Àwọ̀ wa máa ń dán. Tí gílóòbù kékeré bá kọjú sí i, iwájú orí àti imú á máa kọ yànràn, ibi tó kù á ṣókùnkùn. Onífótò á wá fi iná kún iná, á tún fi kọ̀ǹpútà tan ojú náà títí ìyá arúgbó tó dúdú mìnìjọ̀ á fi di apọ́nbéporẹ́. Nígbà kan, káàdì tí Kodak fi ń díwọ̀n àwọ̀ fótò, obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, "Shirley" ni wọ́n sì ń pè é. Ìyẹn ti òyìnbó. Kí wá ni àwíjàre tiwa tá a bá ń bó àwọ̀ ìyá wa nínú fótò? Iná tó fẹ̀, tó wá láti ẹ̀gbẹ́, á dán lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, á sì fi àwọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Kódà àdìrẹ aró Òṣogbo, tó máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, á fi ọnà ara rẹ̀ hàn.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Seydou Keïta ṣí sítúdíò rẹ̀ ní Bamako, orílẹ̀-èdè Mali, ní 1948. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ inú àgbàlá ló fi ya ọ̀pọ̀lọpọ̀ fótò rẹ̀, aṣọ ìtẹ́bùsùn tirẹ̀ ló sì ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Lónìí, àwọn ilé ọnà ńláńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbé fótò wọ̀nyẹn kọ́ ògiri.

Báwo la ṣe máa ṣe tiwa? Ẹ kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin pọ̀, kó fẹ̀ ní mítà 1, kó ga ní mítà 1. Ẹ ra aṣọ funfun báláú, tí kò nípọn, ní Ọjà Ọba tàbí Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, kẹ́ ẹ nà án sórí rẹ̀. Ẹ to gílóòbù LED mẹ́rin, wáàtì 12 níkọ̀ọ̀kan, sẹ́yìn aṣọ náà, kí àlàfo tó wà láàárín wọn tó ìdajì mítà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 48, kò ju ti fáànù àjà kan lọ. Irú kan náà ni kẹ́ ẹ rà. Tí páálí ọ̀kan bá sọ 6500K, tí èkejì sọ 3000K, ẹ̀gbẹ́ ojú kan á funfun, èkejì á pọ́n. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ gbé ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí dúró, kó máa da ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji.

Ẹ gbé aṣọ náà sún mọ́ ojú, bíi mítà 1. Tẹ́ ẹ bá sún un dé mítà 2, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ló máa kù, òjìji á sì tún le.

Níbi iná mànàmáná, ẹ má ṣe awun. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná bá yín so wáyà. Ẹ má lo gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná, torí aṣọ lè gbiná. Ẹ gbé àpò iyanrìn lé ẹsẹ̀ igi kó má baà ṣubú lu ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má sì tú fíláàṣì àtijọ́ láé: ó lè ti kú tipẹ́, kí iná tó ń pààyàn ṣì wà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní oníbàárà ò ní bọ̀wọ̀ fún onígi àti aṣọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òótọ́ sì ni pé iná yìí ò lè bá òòrùn ọ̀sán jà níta níbi Ìwúdé Ìjẹ̀ṣà, kò sì lè mú ọmọdé tó ń sáré dúró bíi fíláàṣì. Tíṣẹ́ irú ẹ̀ bá pọ̀, ẹ ra fíláàṣì, àmọ́ kó jẹ́ owó tẹ́ ẹ ti pa nídìí fótò lẹ máa fi rà á.

Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ fi fóònù ya ẹnì kan nínú ilé lábẹ́ gílóòbù lásán, kẹ́ ẹ tún yà á pẹ̀lú aṣọ funfun láàárín. Ẹ gbé fótò méjèèjì fún un, kẹ́ ẹ béèrè èyí tó jọ òun.