Irun Ni, Kì Í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi odò Ọ̀tìn tí wọ́n sé ní Èkó-Èǹdé, ẹ̀yin ará Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, ọ̀rọ̀ ìdí ni mo bá wá. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì wá, torí ìtìjú ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa máa fi ẹ̀gbẹ́ kan jókòó.

Ìdájọ́ kan ṣoṣo la ní fún àìsàn ìdí. Bí ìdí bá ń yún ọmọ, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí eéwo bá sọ èèyàn ní ìdí, tó tú, tó jiná, tó tún sọ ọ́, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni: kó yé lá ṣúgà, kó máa mu àgbo. Ẹni tó bá wá dárúkọ iṣẹ́ abẹ, gbogbo ilé á ké mọ́ ọn: “Bí wọ́n bá gé e, á tún padà wá!” Irọ́ kan àti àbọ̀ òtítọ́ kan ló so kọ́ra níbẹ̀. Mo fẹ́ tú wọn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí eéwo náà wà. Ẹnu ihò ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí ń gbé; iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wú níbẹ̀. Eéwo tí mò ń sọ wà lókè, níbi tí egungun ẹ̀yìn parí sí, nínú ìlà tó pín ìdí sí méjì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i: ẹ ó rí ihò kékeré kan tàbí méjì bí ojú abẹ́rẹ́, nígbà míì irun á yọ ṣóńṣó lẹ́nu rẹ̀. Pilonidal sinus ni àwọn dókítà ń pè é. Hodges, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1880. Ìtẹ́ irun ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Látìn. Irun tó já ló ń gún awọ wọlé níbi tí òógùn àti ìjókòó pípẹ́ ti sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́. Bó bá ti wọlé, àjèjì ló dà. Ara á gbógun tì í, ọyún á sì gbára jọ.

Ṣé ẹ ṣì ń jiyàn? Ní 1948, Patey àti Scarff ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ìtẹ́ irun yìí gan-an lè wà láàárín ìka onígbàjámọ̀, nítorí irun oníbàárà tó ń gún un lọ́wọ́. Ṣúgà wo ló sọ̀ kalẹ̀ sí àárín ìka? Jẹ̀díjẹ̀dí wo ló ń gbé ọwọ́?

Òótọ́ ni pé kò wọ́pọ̀ láàárín wa bó ti wọ́pọ̀ ní Tọ́kì àti Gíríìsì. Ìdí tá a fi ń ṣì í pè gan-an nìyẹn: ohun tójú wa ò rí rí, orúkọ ohun tá a mọ̀ là ń sọ ọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan bí 80,000 ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló gba ilé ìwòsàn lọ nítorí rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní àìsàn ọkọ̀ jíìpù, torí orí jíìpù tó ń jó gbọ̀ngbọ̀n ni ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà láti Ìkìrun sí Òkukù nínú oòrùn, àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ó fetí sílẹ̀.

“Ṣùgbọ́n mo mu àgbo, ó sì lọ.” Kò lọ. Eéwo ló tú. Ọyún dà nù, ìrora rọlẹ̀, àgbo gba ìyìn, irun sì jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú ìtẹ́ rẹ̀. Inú ni àgbo ń gbà lọ; kò lè fa irun yọ lábẹ́ awọ.

Ó wá ku àbọ̀ òtítọ́: “Wọ́n gé e, ó padà.” Ó ń padà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi onítọ̀hún bí wọ́n ṣe gé e. Ẹni tí wọ́n kàn la eéwo rẹ̀ kí ọyún lè jáde, ìtura ló rí gbà, wọn ò tíì kan ìtẹ́. Ẹni tí wọ́n hú ìtẹ́ náà, tí wọ́n wá rán ojú egbò pọ̀ sínú ìlà ìdí, inú òógùn àti irun náà ni wọ́n dá a padà sí. Karydakis, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ogun ilẹ̀ Gíríìsì, ló fa awọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú rírán má bàa bọ́ sínú ìlà, kí ìlà náà sì dín jíjìn kù. Nínú aláìsàn rẹ̀ tó lé ní 6,000, nǹkan bí 1 nínú 100 ló padà sí lára.

Ní 2018, àwọn dókítà ní Jámánì àti Swítsáláńdì kó àbọ̀ iṣẹ́ abẹ lórí aláìsàn tó ju 80,000 lọ jọ. Lẹ́yìn ọdún 10, irú ti Karydakis ti padà sára nǹkan bí 3 nínú 100. Èyí tí wọ́n rán sínú ìlà ti padà sára nǹkan bí 30. Nígbà tó fi di ogún ọdún, ti inú ìlà ti lé ní 60. Ẹ ò rí i pé abẹ pọ̀ ju ẹyọ kan lọ? Ẹ sì rí i pé oṣù mẹ́fà kò tó láti fi dájọ́ pé ó ti san.

Nítorí náà, Òṣogbo kò jìnnà. Ẹ bá oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bi í: “Inú ìlà lẹ ó rán an sí ni, àbí ẹ̀gbẹ́?” Bí egbò bá ti jiná, ẹ má fi irun sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá gẹ irun orí tán, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó jókòó, nítorí irun orí tí abẹ ti gé wà lára ohun tí wọ́n ń bá nínú ìtẹ́ wọ̀nyí.

Ìyá tí eéwo ìdí ọmọ rẹ̀ bá tún sọ, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò lè jókòó dáadáa, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó ra àgbo.