Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà Lábẹ́ Ẹyin Ẹyẹlé

Ìwé kan wà níwájú wa láti ọwọ́ baálé ilé kan tí ó ń sin ẹyẹlé. Ó ní láàárín oṣù mẹ́ta, ọmọ ẹyẹlé mẹ́fà ni ó ti ṣòfò mọ́ òun lọ́wọ́. Àwọn ẹyẹ náà ń yé, wọ́n ń sàba dáadáa, ọmọ sì ń jáde. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a ti yà sí ọ̀tún àti sí òsì bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́, kò sì ní lè dìde dúró títí yóò fi kú. Ó fi kún un pé àwọn ará ilé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú burúkú wo ìyá àgbà kan tí iyàrá rẹ̀ kọjú sí ilé ẹyẹlé náà, nítorí pé gbogbo òwúrọ̀ ni wọ́n ń rí i tí ó ń wo àwọn ẹyẹ náà. Ó wá béèrè pé kí ni kí òun ṣe.

Ìdáhùn wa nìyí. Kí ó kọ́kọ́ tọ ìyá náà lọ, kí ó kí i, kí ó sì gbé àga fún un kí ó lè máa wo àwọn ẹyẹ náà ní ìjókòó, nítorí ẹyẹlé dùn ún wò, kò sì sí òfin tí ó fi í du arúgbó. Lẹ́yìn èyí, kí ó ti ọwọ́ bọ inú àpótí tí àwọn ẹyẹ náà ń yé sí, kí ó sì fi ìka ra ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá bá pákó tí káfíńtà ti fá tí ó ń dán, tàbí páànù, tàbí ìwé ìròyìn tí a tẹ́ síbẹ̀ (ìbáà tilẹ̀ ṣe ìwé ìròyìn yìí), ó ti rí ẹni tí ó ń pa á lọ́mọ ẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa. Ọmọ ẹyẹlé kò rí bí ọmọ adìẹ. Ọjọ́ tí adìẹ bá pa ọmọ ni òròmọdìẹ ti ń sáré tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹyẹlé a jáde pẹ̀lú ojú dídì, kò ní ìyẹ́ lára bí kò ṣe irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀, orí rẹ̀ pàápàá sì wúwo jù fún un láti gbé. Láti ọ̀nà ọ̀fun baba àti ìyá rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá, ohun funfun kan bí wàrà tí àwọn méjèèjì ń pọ̀ sí i lẹ́nu. Oúnjẹ yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àwọn òbí rẹ̀ ní ìwọ̀n. Ara ń yára wúwo, ṣùgbọ́n egungun ẹsẹ̀ ṣì rọ̀. Òbí rẹ̀ a sì tún jókòó lé e lórí láti mú un móoru. Bí ẹsẹ̀ náà bá rí ohun tí ó ṣe ṣákiṣàki dì mú, yóò dúró lábẹ́ ara bí ó ti yẹ. Bí kò bá rí nǹkan kan dì mú, yóò máa yọ̀, ọ̀kan sí ìhín, èkejì sí ọ̀hún, egungun yóò sì le síbẹ̀. Ọ̀ràn náà kò ju báyìí lọ, kò sì béèrè babaláwo tàbí wòlíì.

Ẹyin pẹ̀lú ń jìyà ilẹ̀ dídán. Ẹyin méjì ni ẹyẹlé máa ń yé, wọn a sì sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 18. Akọ ni ó máa ń jókòó láti ìyálẹ̀ta títí di ọjọ́rọ̀, abo ni ó sì ni òru. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, ẹyin a mì. Níbi tí ìtẹ́ bá ti jinnú díẹ̀, ẹyin a padà sí àárín. Níbi tí ó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀kan a yí lọ sí kọ̀rọ̀, otútù a mú un, ọmọ inú rẹ̀ a sì kú.

Ẹnìkan lè wí pé, Ṣé ẹyẹlé kò gbọ́n tó láti tẹ́ ìtẹ́ ara rẹ̀ ni? Ẹ wo ẹ̀gà, bí ó ti ń hun ewé ọ̀pẹ bí ẹni tí ń hun apẹ̀rẹ̀! Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyẹlé kì í ṣe ẹ̀gà. Àwọn ẹyẹlé orí àpáta ni baba ńlá àwọn ti inú ilé. Títí di òní ni wọ́n ń gbé inú ihò àti ẹ̀gbẹ́ òkè òkúta ní Yúróòpù, ní Àríwá Áfíríkà àti ní ìwọ̀-oòrùn Éṣíà. Àpáta ṣe ṣákiṣàki fúnra rẹ̀, omi kì í sì í dúró lórí rẹ̀, nítorí náà igi wẹ́wẹ́ díẹ̀ tí a tò lé ara wọn tó wọn. Àwa ni a mú ọmọ àpáta wá sínú àpótí pákó. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí a wá ọ̀nà láti san padà fún un.

Àwo amọ̀ ni ó dára jùlọ láti fi ṣe ìpìlẹ̀, èyí tí kò dán nínú, tí ìbú rẹ̀ tó íńṣì 9 tàbí 10, tí ó sì jinnú díẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò wa ń mọ irú rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i, kí ó lo àjákù igbá tàbí kí ó kan pákó pẹlẹbẹ yí igun àpótí ká kí ẹyin má bàa yí jáde.

Nísinsìnyí, kí ni a ó fi sínú rẹ̀? Ohun tí ẹyẹlé fẹ́ ni ohun tí ó gbẹ, tí ó le díẹ̀, tí kò nípọn, tí kò sì gùn jù. Nínú gbogbo èyí tí a mọ̀, kò sí èyí tí ó tún wà nítòsí wa tó ìgbálẹ̀ ògbólógbòó. Ìgbálẹ̀ tí ó ti kù kúkúrú tí ìyàwó ilé fẹ́ sọ nù, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn, kí ẹ sì gé e ní íńṣì 4 tàbí 5. Igi ọ̀pẹ rẹ̀ kì í tètè jẹrà, ìgbẹ́ ọmọ ẹyẹ a máa gba àárín rẹ̀ kọjá sí ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ wọn a sì dì í mú gírígírí. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ igi dóńgóyárò tẹ̀lé e. Ó le tó, àwọn tí ń tọ́jú ẹ̀wà sí àká sì ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ pé kòkòrò kì í fẹ́ràn ewé rẹ̀. Àwọn tí ń gbé etí òkun lè ṣa ewé igi páìnì etíkun, èyí tí ó rí bí abẹ́rẹ́ gígùn tí afẹ́fẹ́ sì ń mú kí ó súfèé. Pòròpórò ọkà bàbà nípọn jù àfi bí a bá là á. Koríko bẹẹrẹ, tí a fi ń bo òrùlé láyé àtijọ́, dára bí ó bá gbẹ. Èyí tí ó rọ̀ bí koríko ìrẹsì a máa lúgọ sínú omi ìgbẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà kí a má ṣe lo òun nìkan.

Ti igi tábà yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwọn tí ń sin ẹyẹlé ní ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ràn ọ̀pá àárín ewé tábà púpọ̀, nítorí pé ó ń lé iná tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹyẹ ní òru. Àwọn ará Òkè Ògùn, níbi tí a ti ń gbin tábà láti ọjọ́ pípẹ́, lè rí i láìwáhàlà. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ní Mexico City kọ̀wé pé àwọn ológoṣẹ́ ìlú náà ń ṣa ìdí sìgá mọ́ ìtẹ́ wọn, àti pé bí ìdí sìgá náà ti pọ̀ tó ni iná inú ìtẹ́ ń dínkù tó. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i lẹ́yìn náà pé oró inú rẹ̀ ń pa ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ẹyẹ lára. Nítorí náà, ẹ jìnnà sí ìdí sìgá. Ọ̀pá tábà gbígbẹ díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ igi ìgbálẹ̀, ìyẹn ti tó.

A dé ibi tí ó dùn wá jù láti sọ, nítorí pé àánú ni ó sábà ń fà á. Ọmọdé kan yóò rí ẹyẹlé tí ó ń wá nǹkan kiri, yóò sì lọ mú irun tí ìyá rẹ̀ yà sílẹ̀, òwú dúdú tí a fi dirí, tàbí okùn àpò, yóò dà á síwájú ẹyẹ náà, inú gbogbo ilé yóò sì dùn bí akọ ti ń gbé e lọ. Ikú ẹsẹ̀ ni ó ń gbé lọ yẹn. Òwú a máa wé mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ. Bí ọmọ ti ń sanra ni òwú ń fún un pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a dáwọ́ ṣíṣàn sí ìka náà, ìka a dúdú, a sì já. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ tí wọ́n wo ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹlé ìlú Paris kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní àdúgbò tí ilé àwọn onídìrí àti agẹrun bá ti pọ̀, níbẹ̀ ni àwọn ẹyẹlé tí ìka ẹsẹ̀ wọn ti gé pọ̀ sí. Kí ìyá kúkú sun irun rẹ̀ níná, kí ó sì kó òwú pamọ́. Irun ọ̀rá ti òde òní burú ju òwú lọ, nítorí kì í jẹrà láé. Iyẹ̀ pákó náà kò dára; ọmọ ẹyẹ a máa gbé e mì, eruku rẹ̀ a sì máa dí wọn nímú. Èyíkéyìí tí ó bá ti bu, kí a dà á nù. Ní àkókò òjò, orí àjà ìdáná, níbi tí èéfín ń dé, ni kí a kó igi ìtẹ́ sí.

Nígbà tí a bá ti rí ohun tí ó yẹ, kí a má ṣe bá wọn parí iṣẹ́ náà. Kí a tẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ sínú àwo, kí a sì da ìyókù sórí ilẹ̀ ilé ẹyẹlé ní ibi gbígbẹ. Akọ ni yóò máa ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò yẹ èyí wò, yóò sọ ọ́ sílẹ̀, yóò mú òmíràn, yóò sì gbé e fún aya rẹ̀ tí ó jókòó. Abo ni yóò tò ó yí ara rẹ̀ ká. Ọkọ tí kò bá rí igi gbé lọ a máa jí ti aládùúgbò, ìjà a sì bẹ́ sílẹ̀, ẹyin a fọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ àlàáfíà nínú ilé ẹyẹlé, kí ó da igi sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀.

Kí àpótí tọkọtaya kọ̀ọ̀kan ní àwo méjì. Abo sábà máa ń yé òmíràn nígbà tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bí kò bá ní àwo kejì, ìgbẹ́ àwọn ọmọ náà ni yóò yé sí. Nígbà tí àwọn ọmọ bá kúrò, ẹ kó gbogbo igi àtijọ́ jáde kí ẹ sì sun ún, nítorí pé eṣinṣin ẹyẹlé tí ń mu ẹ̀jẹ̀ a máa fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú pàǹtírí ìtẹ́. Ẹ wọ́n omi sí i kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ fi aṣọ bo imú, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà, nítorí eruku ìgbẹ́ ẹyẹlé lè ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn jẹ́.

Fún arákùnrin wa tí ó kọ̀wé: bí ọmọ kan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yà, kò tíì bọ́. Kí ó fa aṣọ rírọ̀ kan ya ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó fi so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ láìfún un, kí àyè ìbú ara ọmọ náà wà láàárín wọn, kí ó sì gbé e padà sínú àwo tí igi ìgbálẹ̀ kún dáadáa. Kí ó máa wò ó ní àárọ̀ àti ní alẹ́ kí aṣọ má bàa há a, kí ó sì tú u lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún.