Agbábọ́ọ̀lù Tó Ń Lọ Sí Òkè-Òkun: Ta Ló Yẹ Kí Ó Sanwó?

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, tàbí tí ẹ bá yà sí Mafoluku ní Òṣòdì, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n fi òkúta méjì-méjì ṣe ojú ilé, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín títì. Pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí wa. Nítorí náà bí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú ń kọjá lókè. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí ọmọ kan yóò fi ẹsẹ̀ dá bọ́ọ̀lù dúró, tí yóò gbójú sókè, tí yóò sì wí pé, "Èyí ni yóò gbé mi lọ lọ́jọ́ kan." Àwọn yòókù á ṣe "Àmín", eré á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà a máa bá wọn ṣe àmín náà. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tó ń tẹ̀lé àmín, èyíinì ni àwọn ọkùnrin tí ń wọ ilé àwọn ọmọ wọ̀nyí láti gba owó lọ́wọ́ ìyá wọn. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò, ni pé òkè-òkun kì í ṣe ohun tí agbábọ́ọ̀lù ń fi owó rà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ló yẹ kí ó sanwó. Mo sì gbà pé nínú ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ńlá kan wà fún àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àárín pápá ni ipò rẹ̀. Kì í sáré púpọ̀, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ara gbogbo wa a balẹ̀. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú ìwé tó ní èdìdì pupa, ó ní ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Túkì ti rí ọmọ náà, ó sì kù kí wọ́n san owó físà àti owó ìdánwò. Èlùbọ́ ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Òṣòdì. Ó kó owó àjọ rẹ̀, ó ta fìrísà ilé, ó sì tún yá owó lé e. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà gba orí ilẹ̀ lọ sí Kùtọnu, pé ibẹ̀ ni físà yóò ti jáde. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n wà nínú yàrá kan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Owó tí àwọn ọmọ náà tọrọ ni wọ́n fi wọkọ̀ padà sílé.

Èyí tó ń dá mi lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé mo rí ìwé yẹn kí owó tó kúrò nílé. Ọmọ náà ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nílé ìwé, ó ní kí n bá òun kà á. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò gún, orúkọ ẹgbẹ́ tó wà lókè rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Mo rí i. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé èmi tí mo ti rí yunifásítì wọ̀ ni mo ń dí ọ̀nà mọ́ ọmọ ìyá mi. Mo kọ ọ́ padà sí i pé, "Olúwa á ṣe é." Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́.

Nígbà tí ó dé tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí wádìí pé báwo ni àwọn tó rí ọ̀nà lọ ṣe lọ. Ẹni tí mo kọ́kọ́ yẹ ìtàn rẹ̀ wò ni Mutiu Adepoju, nítorí pé àárín pápá ni òun náà ń gbá. Ọmọ Ìbàdàn ni, oṣù Kejìlá ọdún 1970 ni a bí i. Orí rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù kàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fi ń pè é ní Hẹdímásítà. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó sì gbá fún Julius Berger ní Èkó níbí. Ní ọdún 1989, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tí Nàìjíríà kó lọ sí ìdíje àgbáyé ní Saudi Arabia. Ìdíje yẹn ni Soviet Union ti fi góòlù mẹ́rin sí òdo ṣáájú wa ní Dammam, tí àwọn ọmọ wa dá gbogbo rẹ̀ padà, tí wọ́n sì borí nígbà tí wọ́n gba pẹnáńtì. Portugal ló dá wọn dúró ní àṣekágbá. Ọdún yẹn náà ni Adepoju lọ sí ọ̀dọ̀ Real Madrid ní ilẹ̀ Sípéènì. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà.

Ẹ má sì ṣe rò pé bó ti débẹ̀ ni ìlú ń lu ìlù fún un. Ẹgbẹ́ kejì ni Real Madrid fi í sí. Ní ọdún 1992 ó lọ sí Racing Santander, ẹgbẹ́ tí kò ní òkìkí bíi ti Madrid. Ó gbà láti lọ, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ní ọdún 1996 ó bọ́ sí Real Sociedad, ó tún lo ọdún mẹ́rin, kí ó tó lọ sí Salamanca ní ọdún 2000. Ó bá Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 1994, ó sì wà nínú àwọn tí a kó lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹta: 1994, 1998 àti 2002. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọdún 1998, ní ìlú Nantes, Sípéènì tó ń gbé náà ni a bá pàdé. Wọ́n ti gbá ọ̀kan wọlé. Orí ni Adepoju fi kan tiwa wọlé tí a fi dọ́gba. Kí ó tó tán, Sunday Oliseh gbá tirẹ̀ láti òkèèrè, a sì fi mẹ́ta sí méjì borí.

Kí ni mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí? Ẹgbẹ́ ilé ló kọ́kọ́ ní in, lẹ́yìn náà ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè, kí ó tó wá kan òkè-òkun. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Teslim Balogun náà, tí pápá ìṣeré kan ní Sùúrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ti di ìlú-mọ̀ọ́ká nílé kí ó tó wọ Peterborough United ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1955. Bí ẹnìkan bá sì ní ìgbà àtijọ́ nìyẹn, ẹ wo Ṣèyí Olófínjànà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ni ní yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, àárín pápá sì ni òun náà ń gbá. Ó lọ sí Brann ní ilẹ̀ Norway ní ọdún 2003, Wolverhampton Wanderers gbà á ní ọdún 2004, lẹ́yìn náà ni ó gbá fún Stoke City àti Hull City. Ẹni tó bá ń sọ fún ọmọ pé kí ó ju ìwé sí kòtò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yá, kò sọ òtítọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá wo òfin. Àjọ FIFA tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní gbogbo ayé ti fi òfin dè é pé kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 má ṣe kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìyọ̀ǹda díẹ̀ wà, irú bí ìgbà tí àwọn òbí ọmọ bá ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Òfin yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ó mú Barcelona ní ọdún 2014, ó sì mú Real Madrid àti Atlético Madrid ní ọdún 2016. Wọ́n fi òfin dè wọ́n pé wọn kò gbọdọ̀ gba agbábọ́ọ̀lù tuntun fún ìgbà kan. Bí òfin bá mú àwọn erin báyìí, ẹgbẹ́ wo ni yóò wá mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Ìsọlọ̀ gba Kùtọnu?

Ti owó ló tún yẹ kí gbogbo ìyá mọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn kí ìwé àdéhùn rẹ̀ tó tán, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Bí owó náà bá jẹ́ 1,000,000 yúrò, 50,000 ni ti àwọn tó tọ́ ọ. Ẹgbẹ́ kékeré tó ní in láti ọmọ ọdún 12 títí dé 15 yóò gba 10,000 níbẹ̀, bí ẹgbẹ́ náà bá ti forúkọ sílẹ̀ bó ti yẹ, tí orúkọ ọmọ sì wà nínú ìwé. Ẹ ò rí i? Láti òkè-òkun ni òfin ní kí owó ti máa bọ̀ wá sílé. Owó iṣẹ́ aṣojú náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ tàbí inú owó oṣù tí agbábọ́ọ̀lù bá gbà ni ó ti ń wá. Láti ọdún 2023 ni FIFA sì ti ń ṣe ìdánwò fún àwọn aṣojú kí wọ́n tó fún wọn níwèé àṣẹ, orúkọ àwọn tó yege sì wà níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ẹni tó wá ń gba owó àjọ lọ́wọ́ aláta àti ẹlẹ́lùbọ́ kí ọmọ tó fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ó ń tú àpò ni, kì í ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀lù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Ṣé ìwọ náà rí líìgì ilé wa? Ta ló ń lọ wò ó? Bí ọmọ bá dúró de ọjọ́ tí wọn yóò rí i nílé, ṣé kò ní gbó síbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Ní àdúgbò wa, ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì a máa kún dé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í rí ẹni méjì tó lè ka orúkọ àwọn tó ń gbá fún ẹgbẹ́ ilé tán. Ẹ̀bi gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n pé ọjà ilé kò tà kò sọ jìbìtì di òwò. Ọmọ tó dúró nílé tí kò lọ mọ́, ó ṣì ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwé rẹ̀ àti owó ìyá rẹ̀. Èyí tó ti Kùtọnu dé, gbèsè ló kó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Gbogbo òfin tí mo kà sílẹ̀ yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti kà á. Ìyá ọmọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń lù ú ní jìbìtì ló ń túmọ̀ ìwé fún un. Àwa sì wà níbí, a ń jiyàn lórí bí a ó ṣe dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ fún ohun tuntun. Kí ló dé tí a kò bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti lè gba ẹnìkan sílẹ̀? Owó ìdá márùn-ún tí mo mẹ́nu kàn yẹn, bí a bá pè é ní "owó alágbàtọ́", ìyá wo ni kò ní yé?

Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa kọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá tó já geere. Kí ó sọ ìbéèrè mẹ́rin tí ìyá yóò bi ẹnikẹ́ni tó bá wá mú ọmọ rẹ̀. Ṣé ọmọ mi ti pé ọdún 18? Ẹgbẹ́ wo ni, ṣé ó sì ti kọ̀wé sí kọ́ọ̀ṣì ọmọ mi? Ṣé orúkọ rẹ wà lára àwọn tí FIFA fún níwèé àṣẹ? Kí ló dé tí èmi ni yóò sanwó? Nígbà tí a bá lọ fún ìsinmi, kí olúkúlùkù wa mú un lọ sí àdúgbò tirẹ̀. Èmi yóò kà á ní Òṣòdì, ní ìsọ̀ èlùbọ́ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa yẹ ìwé náà wò kí ó má bàa ní àṣìṣe.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti wọ ẹgbẹ́ kékeré kan ní Òkòtà, kọ́ọ̀ṣì wọn sì kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò tí ì san gbèsè náà tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà tún ya àwòrán ìwé mìíràn ránṣẹ́ sí mi, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni wọ́n fún. Lọ́tẹ̀ yìí n kò kọ "Olúwa á ṣe é". Mo pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.